Bátìrì laptop mi ń kú ní 35%, ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀ ni àbí ìlò mi ni ò dáa?

Tísà_Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ooru. Ọ̀rọ̀ laptop mi ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ náwó síbi tí kò yẹ. Tísà ni mí, gbogbo ìbéèrè ìdánwò àti èsì àwọn ọmọ, orí laptop yìí ni mo ti ń ṣe é. Tòkúnbọ̀ ni mo rà á ní 2022, nígbà tí mo kọ́kọ́ rà á ó máa ń gbé mi fún bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ kó tó ní kí n wá iná, àmọ́ ní báyìí tí mo bá ti yọ ṣájà lára ẹ̀ kì í tó wákàtí kan, èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé kì í kìlọ̀, á ṣì máa fi 35% hàn mí, kí n tó mọ̀ ojú ẹ̀ á ti ṣókùnkùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè Basic Science ti JSS 2 tí mo ti tẹ̀ dé nọ́ḿbà 41 ló bá a lọ, mi ò tíì tọ́jú ẹ̀, ńṣe ni mo jókòó síbẹ̀ tí mo ń wò ó.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Ládùúgbò wa iná kì í dé títí di bíi aago méjìlá òru, á sì lọ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, torí náà mo máa ń ki ṣájà bọ̀ ọ́ kí n tó sùn, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo máa ń gbé e sí torí ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ á mọ́ bá a. Ní Sátidé tá a bá tan jẹ́n, mo tún máa ń fi ṣáàjì.

Ìmọ̀ràn táwọn èèyàn ń fún mi ò bára mu rárá. Ọ̀gá kan níléèwé wa ní kí n máa lò ó títí á fi kú pátápátá kí n tó ṣáàjì, pé ìyẹn ló ń mú bátìrì lágbára. Àbúrò mi ní n ò gbọ́dọ̀ fi ṣájà sùn láéláé. Ẹni tó ń ta bátìrì nítòsí wa ní kí n ṣáà mú ₦35,000 wá kóun fi tuntun sí i, kò tiẹ̀ ṣí i wò. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Owó yẹn ò kéré lọ́wọ́ tísà o.

ỌmọỌ̀yọ́_Peckham

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ó ti ṣe èmi náà rí. Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní London, àtàárọ̀ dalẹ́ ni laptop mi máa ń wà lórí ṣájà, èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, kí ọdún méjì tó pé bátìrì ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, 100% ló ń wà ṣáá, gbígbóná ló sì ń gbóná. Nígbà tí mo ra òmíràn mo ní kó má kọjá 80%, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí, ara ẹ̀ ṣì le. Tó bá jẹ́ Lenovo ni tiyín, ẹ wá app tó ń jẹ́ Vantage, ẹ tan Conservation Mode níbẹ̀. ASUS, inú MyASUS ló wà. Àwọn Dell àti HP tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, inú BIOS, ìyẹn ojú ètò tó máa ń jáde kí Windows tó ṣí, lẹ máa bá a. Ẹ ṣe é lálẹ́ òní.

Oníṣẹ́_Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ tísà wa. Láti 2009 ni mo ti ń tú laptop, mo ti rí bátìrì oríṣiríṣi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ délẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham ò parọ́, àmọ́ ìlú tí iná kì í lọ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró ní 80% nígbà tó jẹ́ pé wákàtí márùn-ún péré lẹ ń rí iná, ẹ ti gé ìdá kan nínú márùn-ún kúrò lára èyí tí kò tó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà ní Band A tó ń rí wákàtí 20 tí wọ́n ṣèlérí yẹn, kí onítọ̀hún fi sí 80%, ire ẹ̀ ni. Ẹni tí iná tiẹ̀ ń dé lóru nìkan, kó jẹ́ kó kún dé 100%, kó sì lò ó tí ilẹ̀ bá mọ́. Pé ó kún kọ́ ló ń pa á, kó kún kó wá jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ nínú ooru ló ń pa á.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú bátìrì lithium, nǹkan tíntìntín kan ló ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ìkejì nígbà tẹ́ ẹ bá ń lò ó, tẹ́ ẹ bá ń ṣáàjì á tún padà, gbogbo lílọ bíbọ̀ yẹn ló ń fi ìdọ̀tí díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tó bá sì ti há sínú ìdọ̀tí yẹn kò ní lè rìn mọ́. Ooru ló ń jẹ́ kó yára dì. Ẹ wò ó bíi kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹrẹ̀ ti dì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ ó máa rọ ọ́ kún dẹ́nu lójoojúmọ́, laptop á sì kọ 100% síbẹ̀, àmọ́ omi inú ẹ̀ ò tó ti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ọ̀pọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá ti lò wọ́n tán tẹ́ ẹ sì rọ wọ́n kún bíi ìgbà 300 sí 500, wọ́n á ti sún mọ́ 80% agbára tí wọ́n gbé wá látilé. MacBook òde òní, Apple ní ìgbà 1000 làwọn ṣe tiwọn fún.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín nípa fífi ṣájà sùn, tó bá ti kún, ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú ẹ̀ máa ń dá iná dúró fúnra ẹ̀, kò ní máa rọ ọ́ títí kó bẹ́. Bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ni mo rí tó bà mí nínú jẹ́. Abẹ́ laptop ni ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wà, tìmùtìmù á dí i, fáànù á máa fẹ́ ooru kan náà yíká, bátìrì á wà ní bíi 4.2 volt lórí sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ bátìrì kékeré inú ẹ̀) kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi tó ga jù fún un, nínú ooru yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá jẹ́ gbogbo òru lẹ ń ṣe é láti 2022, kí ló máa kù? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ wá wáyà tó gùn, ẹ gbé e sórí tábìlì tàbí ilẹ̀ táìsì, ẹ pa á pátá kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Ẹ má sì tíì fún ẹnikẹ́ni ní ₦35,000 o. Ẹ lọ sí Start, ẹ tẹ cmd, ẹ ṣí i, ẹ wá kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Á sọ ibi tó tọ́jú fáìlì kan sí fún yín, orúkọ ẹ̀ ni battery-report, ẹ fi Chrome ṣí i. Ẹ wo DESIGN CAPACITY (agbára tó gbé wá látilé), FULL CHARGE CAPACITY (èyí tó lè gbà báyìí tó bá kún) àti CYCLE COUNT (iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó tán tí wọ́n sì rọ ọ́ kún), ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí síbí. Èyí tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ bóyá kẹ́ ẹ rà á.

Bàbá_Rédíò

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọ̀gá tó wà níléèwé yín yẹn díẹ̀, torí èmi náà ti gbà á gbọ́ rí. Nígbà tí à ń lo bátìrì nickel-cadmium nínú rédíò alágbèéká àti kámẹ́rà fídíò, òótọ́ ni, tó o bá ń ṣáàjì ẹ̀ kó tó kú, ó lè máa ṣe bíi pé ibi tó ń dé yẹn ni òpin ẹ̀, torí ẹ̀ la ṣe máa ń lò ó gbẹ. Àmọ́ ti lithium ò rí bẹ́ẹ̀. Sony ló kọ́kọ́ gbé e wá sọ́jà ní 1991, iṣẹ́ ọ̀hún sì tóbi débi pé ní 2019 wọ́n fún Goodenough, Whittingham àti Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì lórí ẹ̀. Lílò ó gbẹ lójoojúmọ́, pípa lẹ ń pa á. Bó bá ti dé 20% sí 30%, tí iná sì wà, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Ọmọ mi kan tún ní wọ́n ń kó o sínú fíríìjì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, omi máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tó bá tinú òtútù bọ́ sínú ooru wa yìí, irin àti wáyà inú ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Sólà_Ìbàdàn

Èmi fẹ́ fi díẹ̀ kún un níbi ìlò, torí bátìrì tuntun náà á kú tá ò bá mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Iná ojú laptop ló ń jẹ ẹ́ jù tẹ́ ẹ bá ń tẹ Word lásán, ẹ dín in kù dé ibi tójú yín ṣì ti ń ríran dáadáa. Ẹ ti gbogbo tab tẹ́ ò lò, ẹ tan battery saver.

Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pípa ìdérí dé. Tẹ́ ẹ bá pa á dé tẹ́ ẹ gbé e sínú báàgì, kò sùn dáadáa o, pàápàá àwọn tuntun, ó ṣì ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ nínú báàgì níbẹ̀, mo ti yọ tèmi jáde lẹ́ẹ̀kan kó gbóná bíi àmàlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, 60% ti di 15%. Ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá pa ìdérí dé, ẹ yan Hibernate. Á kó iṣẹ́ yín sínú dísìkì, á wá kú pátápátá, tẹ́ ẹ bá tàn án ẹ ó bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí.

Ti jẹ́n, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dún kó fìdí múlẹ̀ bíi ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó pa jẹ́n. Ṣájà laptop lè gba iná láti 100 dé 240 volt, ẹ wò ó lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, torí ẹ̀ ni lọ́ọ̀ kọ́rẹ́ǹtì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ tí jẹ́n kékeré bá sáré lójijì tó kọjá ibẹ̀, ṣájà lẹ máa rà. Ẹni tó bá sì ní sólà kékeré nílé, laptop ò jẹ iná púpọ̀, ṣájà tó pọ̀ jù lára wọn jẹ́ 45 sí 65 watt, ọ̀sán lẹ máa ṣáàjì ẹ̀ nígbà tí oòrùn wà.

Tísà_Òṣogbo

Ẹ ṣeun púpọ̀ gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì látàná. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ó kọ́kọ́ ní òun ò mọ̀ ọ́n, àṣé mo fo lẹ́tà kan nínú powercfg yẹn, ìgbà tí mo tún un tẹ̀ ó jáde. Ohun tí mo rí rèé:

DESIGN CAPACITY 47,040 mWh
FULL CHARGE CAPACITY 19,310 mWh
CYCLE COUNT 612

Ọ̀gá oníṣẹ́, kí ló túmọ̀ sí?

Oníṣẹ́_Kọ̀ǹpútà

Ó túmọ̀ sí pé bátìrì yẹn ti ṣiṣẹ́ sìn yín, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Ẹgbẹ̀rún kan mWh ni Wh kan, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sára: bíi 47 Wh ló gbé wá látilé, 19 ló kù, ìyẹn 41% péré. Ìgbà 612 ni wọ́n ti lò ó, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó lò ó kó tó di tòkúnbọ̀ ti jẹ nínú ẹ̀, ẹ má dá gbogbo ẹ̀bi lé ara yín lórí.

Ìdí tó fi ń kú ní 35% ni pé kì í ṣe ẹyọ kan, sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni wọ́n máa ń so tẹ̀lé ara wọn nínú irú ẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ta tó jọ gbé igi àjà ni, bí ẹnì kan bá kúnlẹ̀, igi ti balẹ̀ nìyẹn, bí àwọn méjì tó kù tiẹ̀ lágbára. Sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀ jù yẹn ló ń já sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn á sì gé gbogbo ẹ̀ kó má bàa bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Laptop bíi tiyín ń jẹ bíi 10 sí 14 watt, nínú 19 Wh tó kù, tó bá kú ní 35%, bíi 12 lẹ rí lò, ẹ rí i pé wákàtí kan tẹ́ ẹ sọ yẹn ò jìnnà sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi kíákíá. Ẹ pa laptop dé, ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú dáadáa, ẹ fọwọ́ tẹ igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń mì? Ṣé touchpad yín ṣì ń tẹ̀ wọlé bíi tìgbà kan?

Tísà_Òṣogbo

Háà. Ó ń mì o, igun méjì ò kanlẹ̀. Touchpad náà ti le láti bí oṣù méjì, mo rò pé ìdọ̀tí ló wọ abẹ́ ẹ̀ ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Oníṣẹ́_Kọ̀ǹpútà

Bátìrì ti wú. Ẹ yọ ṣájà báyìí báyìí, ẹ pa á, ẹ má tún ṣáàjì ẹ̀ mọ́ rárá, bí kò tiẹ̀ tíì kún. Kẹ́míkà inú ẹ̀ ló ń bàjẹ́ tó ń di gáàsì, àpò tó wé e ló wá fẹ̀ tó ń ti touchpad láti ìsàlẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ yín lórí bẹ́ẹ̀dì ni nǹkan yìí ń sùn, inú mi ò dùn sí i rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ lu gáàsì yẹn jáde, mo ti ráwọn tó ń ṣe é, iná ló máa ń di. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ gbé laptop náà síbi tí kò sí aṣọ àti ìwé, lórí táìsì tàbí sìmẹ́ǹtì, títí oníṣẹ́ á fi tú u. Tẹ́ ẹ bá rí èéfín lára ẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde nílé, ẹ ké sí àwọn ará àdúgbò. Èyí tí wọ́n bá sì yọ, ẹ má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun, ẹ bi oníṣẹ́ tó bá yọ ọ́ bóyá ó mọ àwọn tó ń kó bátìrì àlòkù.

Tí iṣẹ́ bá kánjú, púpọ̀ nínú laptop ló máa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ṣájà nìkan tí wọ́n bá ti yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ yín ní gbogbo ìṣẹ́jú, torí bí iná bá ti lọ, gbogbo ẹ̀ lọ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn bátìrì gan-an ni kẹ́ ẹ mú lọ, kì í ṣe orúkọ laptop nìkan, volt ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi sí i níṣojú yín, ẹ tẹ powercfg yẹn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tuntun gidi, CYCLE COUNT ẹ̀ kì í ju bíi márùn-ún lọ, FULL CHARGE á sì sún mọ́ DESIGN. Àwọn kan ń lẹ bébà tuntun mọ́ àlòkù lára.

ỌmọỌ̀yọ́_Peckham

Ẹ ṣeun ọ̀gá, èmi ò tiẹ̀ ronú kàn án pé ó lè ti wú. Ọ̀rọ̀ ti 80% yẹn náà, mo gbà pẹ̀lú yín, ibi tí mo jókòó sí ni mo ti sọ̀rọ̀. Àǹtí, bí ẹ ò bá rí i rà nílé, tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń bọ̀ láti ibí, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́ o, bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ kì í wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú, èyí tí kò bá sì ju 100 Wh lọ ni wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn gbé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. 47 Wh ni tiyín, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Tísà_Òṣogbo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀, mo ní kí n wá jábọ̀. Mi ò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní kí n ṣáà mú owó wá yẹn, oníṣẹ́ míì ni mo lọ bá. Nígbà tó ṣí i, bátìrì yẹn ti ga bíi búrẹ́dì, ẹ̀rù bà mí gan-an, mo kàn ń dúpẹ́ ni. Èyí àkọ́kọ́ tó fi sí i, bébà ara ẹ̀ ń dán, ó ní tuntun ni, mo ní kó jẹ́ kí n tẹ nǹkan kan, CYCLE COUNT 214. Mo fi hàn án, kò bá mi jiyàn, ó lọ mú òmíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Ti ìkejì jẹ́ 2, FULL CHARGE ẹ̀ sì jẹ́ 46,100. Ìyẹn ni mo sanwó ẹ̀. Lánàá mo fi tẹ èsì kíláàsì méjì láti aago mẹ́wàá títí dé aago méjì ọ̀sán láìsí iná, mo sì ti fi ìdérí ẹ̀ sí Hibernate bí Sólà_Ìbàdàn ṣe wí.

Ìbéèrè kan ló kù. A máa gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, mo fẹ́ lọ sí abúlé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò ní gbé e dání. Ṣé kí n ṣáàjì ẹ̀ kún kí n tó lọ ni?

Oníṣẹ́_Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú oríire o tísà, ẹ̀rí ti 214 yẹn dùn mọ́ mi nínú. Rárá, ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíkún, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òfo. Ẹ lò ó dé bíi 50%, ẹ pa á pátá, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn pa ìdérí dé, ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri. Ẹ gbé e sí yàrá tó tutù jù nílé, nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má gbé e sókè níbi tí ooru páànù á ti máa bá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò pọ̀ jù fún un, ẹ ó ṣì bá bíi 45% nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé.